Ẹ̀ka Gbígbẹ Tí Ó Wà Lókè Orí Wa

Àgbàlá tí kò ní igi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, títí dé Atakpamé ní Togo, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn àgbà ń jókòó sí. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré. Kíláàsì ìwé wa pàápàá, abẹ́ igi ni ó wà ní abúlé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ojú sókè díẹ̀, kí a wo ohun tí ó wà lórí wa.

Ẹ̀ka tí ó ti kú kì í sọ ọjọ́ tí yóò já. Ó lè wà lókè fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn fẹ́, ó já. Nígbà mìíràn atẹ́gùn ò tilẹ̀ fẹ́ rárá. Ẹ̀ka tí ó nípọn tó itan àgbàlagbà, tí gígùn rẹ̀ sì tó mítà 3, lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, bí ó tilẹ̀ gbẹ. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ kílò 50. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ láti òkè, páànù ilé ò lè gbà á dúró, ká má tíì sọ ti orí ọmọ ènìyàn.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹ̀ka tí ó ti kú? Ti máńgòrò kò nira. Ewé máńgòrò kì í re tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ̀ka tí ó bá wà níhòòhò láàárín àwọn tó kù, ẹ fura sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú kan náà wo ìrókò àti osè. Àwọn yẹn a máa re ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn ò sì kú. Ẹ fi ọ̀bẹ họ èèpo ẹ̀ka kékeré kan lára rẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ka náà wà láàyè. Bí ó bá gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ilẹ̀, ó ti kú.

Èèpo tí ń bó fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì pẹ̀lú, àti ọ̀nà tí ikán fi amọ̀ kọ́ gun igi, àti ihò tí ẹyẹ àkókó gbẹ́. Bí olú bá hù lára ẹ̀ka, inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Àfòmọ́ ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí ó ni igi á máa rò pé igi òun ń gbèrú. Bẹ́ẹ̀, omi igi ni àfòmọ́ ń mu. Bí ó bá pọ̀ lórí ẹ̀ka kan, láti ibi tí ó dúró sí títí dé ṣóńṣó ẹ̀ka náà ni yóò gbẹ.

Ìgbà wo ni ó dára láti gé e? Ní gúúsù Benin, òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ìjì ni ó sì máa ń ṣíwájú rẹ̀. Oṣù kìíní àti oṣù kejì ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, ní ọjọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ó ti dá, tí ó kàn fi ara kọ́ sórí òmíràn, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de oṣù kankan. Ẹ kó ọmọdé kúrò lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ má mi igi náà.

Bí wáyà iná bá gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá, ẹ má gùn ún, ẹ má sì fi ọ̀pá kàn án. Igi tútù ń gbé iná, igi gbígbẹ tí òjò pa náà ń gbé e. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ iná: SBEE ni ní Benin, CEET ni ní Togo.

Akọpẹ ni ọ̀pọ̀ ilé ń pè láti gun igi. Ó dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ òkè. Ṣùgbọ́n igbà tí ó fi ń gun ọ̀pẹ, ara igi tí kò ní ẹ̀ka ni wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá dé ibi tí ẹ̀ka ti pínyà, igbà ò ní lè yí igi ká mọ́. Kí ó ní okùn kejì tí yóò so mọ́ ẹ̀ka tútù tí ó nípọn lókè rẹ̀. Kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀ka gbígbẹ, kí ó má sì fi àkàbà ti ẹ̀ka tí ó ń gé. Kí ó yẹ inú ihò igi wò pẹ̀lú, nítorí oyin àti ejò. Àwọn tó wà nílẹ̀, kí wọ́n jìnnà tó ìlọ́po méjì gígùn ẹ̀ka náà.

Ayùn ni kí ẹ lò, kì í ṣe àdá. Àdá ń mi ẹ̀ka, ọgbẹ́ rẹ̀ a sì máa rí jágajàga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé láti òkè nìkan. Bí ayùn bá dé ìdajì, ẹ̀ka á tẹ̀, á ya, á bó èèpo igi lọ sísàlẹ̀, á sì lè gbá ẹni tó ń gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ gé e. Ẹ kọ́kọ́ gé e láti ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 30 sí ara igi, kí ayùn wọlé dé ìdá mẹ́ta ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ẹ sún síwájú díẹ̀ sí ọ̀nà ṣóńṣó, ẹ gé e láti òkè títí yóò fi já. Nígbà náà ni ẹ óò wá gé kùkùté kékeré tí ó kù.

Níbo ni kí ẹ ti gé kùkùté náà? Ẹ wo ìdí ẹ̀ka. Níbi tí ó ti so mọ́ igi, ó wú bí òrùka. Ẹ má gé òrùka náà, ẹ má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Etí òrùka ni kí ayùn gbà. Alex Shigo, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ igbó ìjọba Amẹ́ríkà, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo inú wọn. Ó rí i pé ọgbẹ́ igi kì í san bí ti awọ ènìyàn. Ibi tó bá ti jẹrà ti jẹrà náà nìyẹn. Igi kàn ń mọ odi yí i ká ni, ó sì ń fi igi tuntun bò ó láti etí wá. Ẹni tó gé òrùka ti wó odi náà. Ẹ má sì kun ọ̀dà tàbí epo mọ́tò sójú ọgbẹ́, kò ní kí ó má jẹrà.

Àwọn kan, nítorí ẹ̀rù ìjì, á gé gbogbo orí igi dànù. Èyí burú ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ka tuntun tí yóò rú jáde, ojú èèpo lásán ni wọ́n dì mú. Wọ́n á ga kíákíá, wọ́n á wúwo, abẹ́ wọn á sì ti jẹrà. Ìjì ọdún díẹ̀ sí i á wó wọn sórí ilé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Benin àti ní Togo, a sì ń gbìn ín púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìtọ́jú èyí tó ti dàgbà ni a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí igi bá jẹ́ ìrókò tí ìdílé ń bọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá baálé àti àwọn tó ń bọ ọ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀ka tó ti kú ni ẹ fẹ́ mú kúrò, kì í ṣe igi. Bí ẹ bá fẹ́ gé igi náà lulẹ̀, ìyẹn di ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ́gbó ìjọba.

Ẹni tó bá gé máńgòrò, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀, nítorí oje rẹ̀ a máa jó awọ ẹlòmíràn. Igi tó bọ́ sílẹ̀ di igi ìdáná. Èyí tí ikán ti wọ̀ nínú rẹ̀, ẹ tètè dá a, ẹ má tò ó ti ògiri ilé. Ibẹ̀ ni ikán yóò gbà dé igi àjà.