Kí Ẹ Tó Sọ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn Nù

Onílé tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ń fẹ́, iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó ti kú. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ tókùnbọ̀ ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, kì í tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí ó lè má ju RAM tí kò jókòó dáadáa lọ.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí; bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pòórá. Láti ìgbà tí IBM ti gbé PC rẹ̀ jáde lọ́dún 1981 ni irú kọ̀ǹpútà yìí ti máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kó tó ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá rí àléébù kó tó lè gbé nǹkan sójú, igbe ló máa ń ké. Èyí tó ń lo BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) ti Award máa ń dún gbọọrọ léraléra bí RAM bá ní ìṣòro. Ti AMI máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí apá àkọ́kọ́ RAM bá kọṣẹ́. Kí ẹni tó ń gbọ́ ka iye ìgbà tó dún, kó sì wo ìwé ẹ̀rọ náà.

Àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ yìí ní ọgbọ́n kan: wọ́n á yọ gbogbo RAM, wọ́n á sì tan ẹ̀rọ. Bó bá ké, ara tù wọ́n, nítorí motherboard, pátákó ńlá tí RAM àti àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́, ṣì wà láàyè.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò gba owó. Wọ́n á yọ wáyà kúrò lára ògiri, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, wọ́n á sì fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ kí wọ́n tó kan RAM. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, iná tí ara èèyàn ń kó jọ lè ba RAM jẹ́ kí ẹni náà má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n á ti ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta, RAM á gbéra sókè. Etí rẹ̀ aláwọ̀ wúrà sábà máa ń dọ̀tí. Ìrésà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń nù ún jẹ́jẹ́, wọ́n á gbọn èérún rẹ̀ dànù, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku inú ihò. Tí wọ́n bá ń dá a padà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí ìdè méjèèjì á fi dún kọ́ọ́, tí wọ́n á sì pa dé fúnra wọn.

Bí RAM bá jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dán wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá RAM ló bàjẹ́ tàbí ihò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn, kó mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR2 àti DDR3 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọra lójú, ẹsẹ̀ 240 ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé létí wọn yàtọ̀. Èyí tí kò bá wọlé, kó má fipá tì í.

Èyí tó ń dààmú èèyàn jù ni àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀: kọ̀ǹpútà á tàn, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á wá gan, tàbí kí ojú rẹ̀ di búlúù. Ètò kan tó ń jẹ́ Memtest86, tí Chris Brady kọ lọ́dún 1994, wà fún irú èyí. Orí fláàṣì tàbí CD ni wọ́n ń gbé e sí; á máa kọ nǹkan sínú RAM, á máa kà á padà láti mọ̀ bóyá ó yí padà. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá jáde, RAM yẹn kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi RAM. Bí aago ẹ̀rọ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, tó sì ń ní kí wọ́n tẹ F1, bátìrì CR2032 ló ti tán, èyí róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Ẹni tó bá rí “NTLDR is missing” lórí Windows XP, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gbàgbé fláàṣì sára rẹ̀.

Bí orí àwọn kapásítọ̀ tó dúró lórí motherboard bá ti wú, RAM tuntun kò lè wò ó sàn; àfi kí onímọ̀ pààrọ̀ wọn. Bí owó àtúnṣe bá sì ti ju owó ẹ̀rọ lọ, hard disk rẹ̀ ṣì ṣeé yọ: pẹ̀lú wáyà tó ń so SATA mọ́ USB, kọ̀ǹpútà mìíràn lè ka fọ́tò àti ìwé tó wà lórí rẹ̀.