Ìtọ́jú Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nílé: Ìwé Ìlàlóye fún Ará Ketu, Mile 12, Ikosi àti Gbogbo Kosofe

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Kosofe, kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n gbé ti ògiri lẹ́yìnkùlé kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mọ́. Ó ṣeé fi ránṣẹ́, ó ṣeé fi gbẹ́rù díẹ̀ lọ́jà bọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń bàjẹ́ ládùúgbò wa, kì í ṣe pé ó gbó. Omi àti iyanrìn ló ń pa á, àti ọ́ìlì tí a rò pé a fi ń tún un ṣe.

Fífọ̀ ọ́

Korobá omi méjì, ọṣẹ ìfọbọ́, síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbó àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ti pa tì, ó tó. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: hándù àti ìjókòó kọ́kọ́, ẹsẹ̀ àti ṣéènì gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á kó iyanrìn sínú àkísà, á sì fi ha ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́.

Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fín omi sí i. Omi tó ń jáde tipátipá báyẹn máa ń wọ inú béríìnì, á fọ gíríìsì ibẹ̀ dànù, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sóòrùn fún bíi wákàtí kan. Nínù yìí ló rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe.

Ṣéènì

Ibí ni ká ti fara balẹ̀. Eruku ìgbà ọyẹ́ ní Ketu, pàápàá níbi tí tírélà ti ń já ẹrù, kúnná púpọ̀. Tó bá pàdé ọ́ìlì lójú ṣéènì, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ẹni tó bá gbọ́ tí ṣéènì ń dún á tún da ọ́ìlì míì lé e. Ariwo á dákẹ́ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ò yé jẹ irin.

Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kó jókòó lórí hándù àti ìjókòó. Ẹ rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ fi di ṣéènì mú, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí pẹ́dàlì sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ irú èyí tí bíréèkì rẹ̀ ń mú téèyàn bá yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, síwájú ni kí ẹ máa yí i, jẹ́jẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ojú àkísà títí dúdú rẹ̀ yóò fi dín kù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí ẹ fi yọ ìdọ̀tí tó há sáàárín eyín irin tí ṣéènì ń gùn, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró kí ẹ tó ṣe é. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn: ìka tó bá há síbẹ̀ kì í jáde lódidi.

Tó bá ti gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré. Ọ́ìlì maṣíìnì ìránṣọ dára. Ẹ yí pẹ́dàlì díẹ̀, ẹ dúró kó wọlé, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu èyí tó kù lójú rẹ̀ dànù. Èyí tó wà nínú oríkèé ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà lójú, eruku ló ń pè. Òróró ìdáná àti epo pupa kò dára, wọ́n máa ń dì, wọ́n á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà kúrò nínú ẹ́ńjìnì ńkọ́? Kódà tó bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Èérún irin wà nínú rẹ̀, kò sì dára fún awọ ara ẹni tó bá ń fọwọ́ kàn án lemọ́lemọ́.

Bí ṣéènì bá ṣe ń jẹ ló ń gùn sí i. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: ẹ gbé òdo rúlà sí àárín píìnì kan. Lára ṣéènì tuntun, píìnì míì á bọ́ sí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Tí píìnì náà bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì kọjá ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ ṣéènì kó tó ba eyín irin jẹ́, torí owó tìyẹn á pọ̀ ju ti ṣéènì lọ. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Kẹrosíìnì àti ọmọdé

Ẹ má bu kẹrosíìnì sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà. Bí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa. Tó bá ń bì ni kẹrosíìnì ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Gbagada ṣì wà ní Kosofe níbí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112 tàbí 767. Ẹ má sì fi bẹntiróòlù rọ́pò kẹrosíìnì: iná jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù tó wà nítòsí lè ràn mọ́ ọn.

Bíréèkì àti táyà

Ẹ fún bíréèkì lọ́wọ́ pọ̀. Bí irin rẹ̀ bá kan hándù kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, ẹ fa wáyà rẹ̀ le. Bí ilà ojú rọ́bà bíréèkì bá ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà yìí tàbí irin tó ń mú.

Ìwọ̀n atẹ́gùn tí táyà ń gbà wà lára rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ PSI sí. Tí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà, ẹ ní kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà mọ́tò lè bẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Bó bá jò, kí ẹ tó ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́, ẹ fi àkísà nu inú táyà yípo. Ìṣó tàbí ègé ìgò tó fa jíjò náà á fa òwú àkísà dúró. Ẹ má fi ìka wá a.

Bí omi bá ya wọlé

Ará Agiliti, Maidan, Owode Onirin àti Ajegunle mọ ohun tí odò Ògùn ń ṣe nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì ṣí omi Oyan Dam, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sókè kí omi tó dé. Èyí tó bá ti mumi, ẹ yọ ìjókòó àti páìpù rẹ̀, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé kí omi inú irin ṣàn jáde, kí ẹ sì ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tú béríìnì, kó fi gíríìsì tuntun sí i. Omi ṣáláńgá ti dà pọ̀ mọ́ omi yẹn, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí irin bá gé, kó fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kó lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn fún abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tetanus).

Nọ́ńbà ara kẹ̀kẹ́

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dojú kẹ̀kẹ́ dé fún fífọ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí pẹ́dàlì méjèèjì ti pàdé. Lára púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń kó rìsíìtì pamọ́ sí. Bí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ náà gbé, nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.