Yíyí Àtò Ọ̀rọ̀ Padà ní Haskell: Ewu Àlàfo nínú Àfiwé Èdè

Ẹni tó bá lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Aklampa, ní kọ́múùnù Glazoué, ní agbègbè àwọn òkè Ìdàáṣà, yóò gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùsọ kan tán kí ó tó kan ẹlòmíràn. Níbẹ̀, Ìdàáṣà tó jẹ́ ìbátan Yorùbá àti Mahi tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè Gbe jọ pàdé ni. Àmọ́ nígbà tí a bá fẹ́ ṣe àfiwé, ìtumọ̀ la ń tẹ̀ lé, kì í ṣe olùsọ. Ìlà gbọ́dọ̀ di òpó.

Ní Haskell, `transpose`, tó wà nínú `Data.List`, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àtò tí àtò mìíràn wà nínú rẹ̀ ni a ń fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá, Fọ̀n àti Ewe ṣe àpẹẹrẹ (a yọ àmì ohùn kúrò lórí méjì tó gbẹ̀yìn):

[["orí","etí","ojú","omi"],
 ["ta","to","nukun","sin"],
 ["ta","to","ŋku","tsi"]]

Àbájáde rẹ̀ ni ìlà mẹ́rin, ọ̀kan fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ["orí","ta","ta"]. (Bí ẹ bá rí "or\237" lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rù: `show` ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo `putStrLn`.)

Ká ní a kò rí "ta" gbà fún Fọ̀n, tí a sì fò ó. Àbájáde yóò di:

[["orí","to","ta"],
 ["etí","nukun","to"],
 ["ojú","sin","ŋku"],
 ["omi","tsi"]]

Ìlà kìíní ló léwu jù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ pé fáwẹ̀lì /o/ Fọ̀n bá /a/ Ewe mu, nígbà tó jẹ́ pé etí ló ń fi wé orí! Nínú ìlà tó kẹ́yìn, omi Ewe ti bọ́ sí àyè Fọ̀n. Haskell kò sì ní ráhùn, nítorí pé irú àtò méjèèjì kò yàtọ̀: `[[String]]` ni wọ́n.

Àwọn kan a máa kọ `foldr (zipWith (:)) (repeat [])` dípò rẹ̀. Ìyẹn náà kò dá ọ̀rọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Àtò tó kúrú jù ló ń tẹ̀ lé, ìlà omi á sì pòórá pátápátá.

Ọ̀nà tó dára ni kí àlàfo ní àmì tirẹ̀: `Nothing` fún ohun tí a kò rí gbà, `Just "to"` fún ohun tí a rí. Kí a sì wo `length` gbogbo àtò kí a tó yí wọn. Àyẹ̀wò mìíràn ni kí a yí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí gígùn wọn bá dọ́gba, ohun tí a kó wọlé la ó rí padà. Nínú àpẹẹrẹ tó ní àlàfo yìí, Fọ̀n padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin, "tsi" Ewe sì wà lára wọn.

Bí olùsọ bá fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún ìtumọ̀ kan ńkọ́? `Maybe` kò gbà á. Kí àyè kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ jẹ́ àtò: `[]` fún àlàfo, `["ta"]` fún ọ̀rọ̀ kan, méjì fún méjì. Ìpele méjì tó wà lóde nìkan ni `transpose` máa ń yí. Kò ní fọwọ́ kan ti inú.