Akọ màlúù tó dáa jù làwọn olówò ń kọ́kọ́ tà, ibẹ̀ ni àdánù wọn ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, akọ màlúù tó tètè dàgbà, tó sanra, tára ẹ̀ ń dán, lòun làwọn oníbàárà máa ń nawọ́ sí. Ẹni tó ni ín á tà á, nítorí owó tó jọjú ni wọ́n gbé wá. Èyí tó rù, tí kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀, ló máa ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú àwọn abo. Tó bá fi máa di nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sígbà náà, ọmọ tiẹ̀ ni wọ́n á máa bí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ agbo kéékèèké ṣe ń jó rẹ̀yìn lọ́dọọdún láìjẹ́ pé àìsàn kankan wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń sin màlúù díẹ̀ létí òkun Àgbádárìgì, tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún àwọn alápatà ọjà Agbálátà. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń fi tírélà kó èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù tí wọ́n ń pa l'Ékòó wá. Ẹni tó wà nítòsí ọjà lè rí tiẹ̀ mú nínú òwò náà, bí ọmọ màlúù rẹ̀ bá ń tètè tó tà.

Abo kan kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún, ìyẹn bó bá bí i déédéé. Akọ kan sì lè gun abo 20 sí 30. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn sọ pé nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí ọmọ màlúù kan ṣe ń dàgbà ju èkejì lọ, bí ìdá 30 sí 40 nínú 100 ló jẹ́ àjogúnbá. Oúnjẹ, omi àti ìtọ́jú ló ni ìyókù. Ti bíbímọ déédéé kò rí bẹ́ẹ̀, àjogúnbá kò fi bẹ́ẹ̀ kó ipa níbẹ̀. Abo tí kò lóyún, oúnjẹ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Kò pọn dandan kí olówò kékeré ra ìwọ̀n ńlá. Kó fi téèpù télọ̀ wọn àyà ọmọ màlúù yí ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, nígbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn tọ́jọ́ orí wọn bára mu, tí wọ́n jọ jẹ koríko àsìkò kan náà, ni kó fi wéra. Èyí tó bá ta yọ nínú àwọn akọ ni kò gbọ́dọ̀ tà. Ṣùgbọ́n báwọn ọmọbìnrin akọ náà bá ti ń tó gùn, kó fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú akọ aládùúgbò, kó má baà gun ọmọ ara ẹ̀.

Àṣìṣe míì ni kéèyàn máa wo títóbi nìkan. Màlúù funfun àwọn Fúlàní lẹ́ran lára lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin kì í rọrùn fún un, eṣinṣin tsetse tó ń gbé àrùn kiri sì máa ń dà á láàmú. Ara Mùtúrù, kékeré tí kò níké yẹn, le sí àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti N'Dama tó ṣẹ̀ wá láti òkè Fouta Djallon ní Guinea. Kétékú, tí wọ́n ń pè ní Borgou lórílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ àdàlù Mùtúrù àti màlúù oníké. Ní Gambia, iléeṣẹ́ ìwádìí International Trypanotolerance Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982, ṣe iṣẹ́ yíyan akọ N'Dama tó dáa fún àwọn àgbẹ̀.

Ìpayà náà ń jẹ owó. Lọ́dún 1997, Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Colorado State University l'Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé màlúù oníwà pẹ̀lẹ́ máa ń sanra lójúmọ́ ju èyí tó máa ń ta gìdìgìdì lọ. Ìwà yìí náà wà lára ohun tí ọmọ ń jogún. Akọ tó bá ń fara gbá ọgbà kiri bí èèyàn bá wọlé kò yẹ ní baba agbo, bó ti wù kó tóbi tó. Ó ṣe pàtàkì sí i l'Ékòó, nítorí òfin tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí ní September 2021 kò gba dída màlúù kiri láàyè mọ́. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Ibòòji igi àgbọn wúlò níbẹ̀, bí igi náà bá ti ga kọjá ibi tẹ́nu màlúù lè tó.

Alápatà náà ní tiẹ̀. Màlúù tí wọ́n lù, tí òùngbẹ ti gbẹ látinú tírélà, ti lo ṣúgà inú iṣan ara rẹ̀ tán. Ṣúgà yìí ló yẹ kó di ohun kíkan lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, kí ẹran lè pọ́n, kó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bí kò bá sí, ẹran á dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, oníbàárà á sì rò pé ti àná ni. Nínú ọjà tí kò sí yìnyín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sinmi, ó kéré tán, fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú omi àti koríko, láìda á pọ̀ mọ́ màlúù àjèjì. Èyí tí wọ́n lù gan-an lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá sì bà á lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pa á, Grandin ní ó máa ń tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ padà.