Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Sára Òkúta, Orúkọ Tí Wọn Ò Kọ

LÁDÙÚGBÒ Osu nílùú Accra, ibì kan wà tí wọ́n sin àwọn tó kú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sí. Christiansborg War Cemetery ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan lára wọn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba wọn ti fòfin de kíkó òkú sójà lọ sílé láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, torí náà, ibi tí wọ́n kú sí ni wọ́n sùn sí.

Ogun ò jà ní Gold Coast. Kí ló wá gbé wọn débẹ̀? Achimota ní Accra ni olú iléeṣẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Ní Takoradi, wọ́n máa ń to ọkọ̀ òfuurufú tó bá ọkọ̀ òkun dé pọ̀, wọ́n á wá fò ó gba Èkó, Kano, Maiduguri àti Khartoum lọ sí Íjíbítì. Àwọn awakọ̀ òfuurufú láti Poland náà ṣiṣẹ́ yìí.

Àjọ tó ń bójú tó irú ibojì bẹ́ẹ̀, Commonwealth War Graves Commission, bẹ̀rẹ̀ ní 1917. Òfin wọn ni pé ọ̀gágun ò gbọ́dọ̀ ju sójà kékeré lọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ kálukú. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ní 1923, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast sọ ní London pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ò ní mọyì òkúta ibojì. Ní 2021, ìwádìí tí àjọ náà fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Àárín Ìlà Oòrùn Ayé, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Wọ́n tiẹ̀ lè tó 350,000. Àjọ náà tọrọ àforíjì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò mọyì orúkọ? Àwọn Gã tó ni Accra máa ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, bíi ti Yorùbá gan-an. Ẹni tó ń kó ẹbí jọ nítorí orúkọ ìkókó, ṣé orúkọ akọni ni kò ní mọyì?

Tí bàbá àgbà yín bá lọ sógun tí kò bọ̀, ẹ bi àwọn àgbà ilé nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé: Kí ni orúkọ tó fi wọṣẹ́ ológun? Ọdún wo ló lọ? Ẹ lè fi orúkọ náà wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì àjọ náà. Tẹ́ ò bá sì rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nílé, kí àwọn ọmọ yín lè mọ̀ ọ́n.