Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Ní Èkó: Òjò Àrọ̀kúrò Àti Omi Odò Ògùn

Oṣù kẹwàá la wà yìí, òjò àrọ̀kúrò ló sì ń rọ̀ ní Èkó. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ ti kọjá, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ní irú àsìkò báyìí, oòrùn lè mú láàárọ̀, kí ooru tó nǹkan bí 30 lọ́sàn-án, kí òjò alààrá sì dé ní ìrọ̀lẹ́.

Bí fóònù yín bá ní òjò Jímọ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100, ìyẹn ò ní kó kárí ìlú. Ó lè ya lulẹ̀ ní Agége kí Lẹ́kí má rí ẹ̀kán. Láti ìlà-oòrùn ni ìjì òjò yìí sábà máa ń wá. Bí atẹ́gùn òkun bá dákẹ́ lójijì, tí apá ibẹ̀ ṣú, ẹ dá àwọn ọmọ ilé-kéwú dúró ná.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìṣẹrì, Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú ló ká wa lára jù. Odò Ògùn ń gba ọ̀dọ̀ wọn lọ sínú ọ̀sà, àsìkò yìí ni wọ́n sì sábà máa ń tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta. Oòrùn lè ràn lọ́jọ́ mẹ́ta ní Èkó kí omi ṣì máa wọlé: òjò tó ti rọ̀ lókè ni. Ẹ máa fetí sí ìkéde ìsédò náà lórí rédíò, kí ẹ sì kó Kùránì, ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ àti oúnjẹ sókè kí ẹ tó sùn.