Ìkookò Kì í Dá Gbé

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ rí ìkookò lójúkojú, èyí tí Bíbélì ní ó wọ awọ àgùntàn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo wakọ̀ gbé e lọ sí Wolf Park ní Battle Ground, ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà. Erich Klinghammer, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ní Yunifásítì Purdue, ló dá ọgbà náà sílẹ̀ lọ́dún 1972.

Ẹ má rò pé ìkookò ilé wa, tó ń fi eyín fọ́ egungun, ni mò ń wí o. Orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀. Ti ọ̀hún yìí, inú ìran rẹ̀ ni ajá ti wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí oyin.

Agbo ìkookò kì í ṣe ẹgbẹ́ jàǹdùkú: bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ni. Tí ọmọ bá ti gbó, á fi ilé sílẹ̀ lọ wá ẹnì kejì tirẹ̀. Nínú igbó Indiana fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn ti pa ìkookò tán tipẹ́.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú nínú ọgbà náà, ọ̀kan nínú àwọn ìkookò ibẹ̀ gbójú sókè, ó hu. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn yòókù ti gbè é, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ọmọ mi di ẹ̀wù mi mú.

"Dádì, ṣé wọ́n ń sunkún ni?"

"Rárá o. Wọ́n ń pe ara wọn ni."

Kò fẹ̀wù mi sílẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀.